Ẹ Jẹ́ Kó Kúrú

Mi ò ní fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: owú ni mo jẹ. Ẹni tó bá ní òun ò jowú rí, ẹ jẹ́ kí àbúrò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní á-bí-dí kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ná, ká wá gbọ́ ohun tó máa sọ.

Iléeṣẹ́ wa ń tún yàrá òtútù ṣe, àwọn yàrá ńlá tí àwọn oníṣòwò ń kó ọjà tó lè bàjẹ́ sí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lórí àga kan náà níbẹ̀ tí mò ń kọ lẹ́tà. Bàbá tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́, òun ló sì sọ mí ní Ìyá Lẹ́tà, nígbà tí mi ò tíì bí ọmọ kankan. Tí mo bá kọ lẹ́tà tán, yóò gbé e sókè, yóò kà á síta, yóò ní, "Ìyá Lẹ́tà, o ti kí wọn, o ti béèrè ilé, o ti béèrè ọ̀nà. Ó kù kí o bu omi fún wọn mu." Inú mi á máa dùn títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi ṣú. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí lẹ́tà di ímeèlì, mi ò yí ọwọ́ padà. Èèyàn kì í já wọlé onílé gìrì kó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan. Wọ́n ń kíni ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Bàbá fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ gorí àga. Ọ̀gá yìí kì í ka nǹkan síta. Orí fóònù ló ti ń ka gbogbo nǹkan, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa sáré lójú fóònù náà bí ẹni ń nu ìdọ̀tí kúrò. Ọmọ dáadáa ni o, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹ wá wo ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà. Ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, èmi ni mo lọ bẹ Ọ̀gá pé kó gba àbúrò mi obìnrin síṣẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn àwọn lẹ́tà tó bàjẹ́, tí mo ń kó bọ̀ láti ọ́fíìsì yìí gan-an, ni mo fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Ó dé, wọ́n fún un ní tábìlì tó kọjú sí tèmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ímeèlì oní-ìlà mẹ́ta.

Ìlà mẹ́ta péré! "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Ẹ ṣeun." Ó tán. Mo ní, "Ṣé ò ń bá wọn jà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn."

Èsì sì ń wọlé! Ohun tó dùn mí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìró kan, "tín," tó máa ń dún tí èsì bá ti dé. Ímeèlì tèmi á lọ, á sun ọjọ́ mẹ́rin lọ́hùn-ún bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Tirẹ̀, tíì tí mò ń mu ò ní tíì tutù: tín. Mo bá gbé ife sẹ́nu: tín. Mo máa ń rò ó nínú mi pé tí mo bá rí òkúta kan tó bá ihò ìró yẹn mu, mo máa fi dí i. Láàárín oṣù mẹ́ta, awakọ̀ iléeṣẹ́, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, ti sọ ọ́ ní Ìlà Mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé tọrọ ìsinmi, ìdí tábìlì àbúrò mi ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á rìn kọjá lára mi, wọ́n á ní, "Ìyá Lẹ́tà, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì tẹ̀ síwájú.

Yàrá kékeré kan wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olórí àwọn akọ̀wé ló ń lò ó kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ilẹ̀kùn, ó ní fèrèsé tó kọjú sí igi. Ọ̀gá ti sọ fún àwa méjèèjì pé nígbà tí oṣù bá parí, òun máa yan ọ̀kan nínú wa síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wo yàrá náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yọ́ wọ ibẹ̀ lọ fi okùn wọn fèrèsé nítorí aṣọ tí mo máa ta sí i. Ó wá di pé ọmọ tí mo pọ̀n ni mo máa bá dù ú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó jẹ́ tèmi. Ìlànà kan wà tí Bàbá fi lélẹ̀: ímeèlì kankan kì í jáde láìjẹ́ pé ojú kejì kà á. Tí o bá kọ ọ́ tán, wàá fi sínú àpótí ìdúró lórí kọ̀ǹpútà. Èmi ni ojú kejì. Mo máa kà á, màá tẹ bọ́tìnì, yóò lọ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nísàlẹ̀. Tí nǹkan bá kù díẹ̀ káàtó, mo gbọ́dọ̀ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́ ni. Mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọ̀gá ní kí àbúrò mi máa kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ímeèlì tí èèyàn máa dáhùn. Bí wọ́n ṣe kó àga jọ nìyẹn, tí èmi náà jókòó bí ọmọ iléèwé, tí ọmọ tí mo nu imú fún dúró níwájú tó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà." Ó ní lójú fóònù, ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni èèyàn ń rí, àti orí ọ̀rọ̀ tó wà lókè. "Ohun tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni náà ṣe, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Tó bá wà nísàlẹ̀, ẹ ò tíì sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ló wá lẹ ìwé kan mọ́ ògiri. Lẹ́tà àtijọ́ ni, ibi tí orúkọ àti ọjọ́ wà ti ya kúrò. Ó ní kí a wá ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń fẹ́ jáde. Ẹ gbà mí! Ìlà kejì ni mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà tèmi ni, èyí tí Bàbá kà síta ní ọjọ́ tó sọ mí lórúkọ.

Awakọ̀ dìde, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ń kí wọn… wọ́n ṣì ń kí wọn… wọ́n ti ń kí àwọn ọmọ wọn… háà, wọ́n ń bi wọ́n pé báwo ni òjò lọ́hùn-ún!" Àwọn èèyàn ti ń di ikùn mú. "Mo rí i! Ìlà kẹrìndínlógójì! Wọ́n ń fẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀kùn!" Yàrá náà fọ́ fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ dùn mí.

Lọ́sàn-án, ó gbé búrẹ́dì wá bá mi. Ó ti rí i lójú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé tiyín ni lẹ́tà yẹn? Mi ò mọ̀ o, gígùn rẹ̀ nìkan ni mo wò. Inú kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ ni mo ti fà á jáde."

"Kí ló kàn mí níbẹ̀? Lẹ́tà àná ni."

"Ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Jẹ búrẹ́dì rẹ."

Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú mi, itọ́ funfun ni mo tu jáde.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe pe àbúrò mi láti ṣọ́ọ̀bù oníbàárà wa kan tó ń ṣe áísìkirìmù. Ó ní òun ti fa gbogbo ọ́ìlì inú ẹ̀rọ yàrá òtútù rẹ̀ jáde, tuntun ò ní dé títí di Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n bá sì tan ẹ̀rọ náà láìsí ọ́ìlì, ó máa nọ́ọ̀kì. Aláísìkirìmù fúnra rẹ̀ rìnrìn àjò, ọ̀la ló ń bọ̀, ó ti kó ọjà rẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Kí wọ́n tètè kọ̀wé sí i. Àbúrò mi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi sínú àpótí ìdúró, ó sì sáré jáde lọ gbé ìwé kan lọ fún oníbàárà.

Mo ṣí i. Orí ọ̀rọ̀: "Ẹ má tan ẹ̀rọ yín títí di Ọjọ́bọ̀." Nínú rẹ̀: "Ẹ kú ìrìn àjò. Kò sí ọ́ìlì nínú ẹ̀rọ yín. Tí ẹ bá tàn án, yóò bàjẹ́. A máa dé lọ́jọ́bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ ṣeun."

Mo wò ó títí. Mo rí awakọ̀ àti ìka rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo sọ nínú mi pé, ọmọ yìí ń pàṣẹ fún oníbàárà bí ẹni ń pàṣẹ fún ajá, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Jẹ́ kí n fi hàn án bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo pa orí ọ̀rọ̀ rẹ́, mo kọ "Ìkíni láti iléeṣẹ́ wa." Mo kí ọkùnrin náà kú ìrìn, mo kí i kú àbọ̀, mo kí ìdílé rẹ̀, mo dúpẹ́ fún ọdún tó ti ń bá wa ṣe, mo gbàdúrà fún òwò rẹ̀. Ìkìlọ̀ yẹn, mo fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo wé e ní òwú kó má baà le. Ṣé mo mọ̀ pé kò ní rí i? Ẹ má bi mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo fẹ́ kí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Tèmi pẹyẹ o, ẹyẹ tí mi ò sọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́bọ̀, a ò tíì ṣí fèrèsé tán tí aláísìkirìmù wọlé. Etí ṣòkòtò rẹ̀ pupa, bàtà rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ó ti kó gbogbo ọjà rẹ̀ padà, ó ti tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ti nọ́ọ̀kì, nígbà tó sì ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, áísìkirìmù tó ti yọ́ ló bá lórí ilẹ̀, ó dé kókósẹ̀. "Ẹ kọ̀wé sí mi! Mo rí i! Ẹ kí mi! Mo ní àwọn èèyàn yìí mà mọ ọmọlúwàbí o, mo sì lọ tan ẹ̀rọ mi!"

Ọ̀gá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ka nǹkan síta. Ó ka ìkíni kan, ó ka òmíràn, ojú rẹ̀ ń le sí i. Awakọ̀ wò mí, ó wo àjà. Kò sí ẹni tí kò mọ ọwọ́ ta ni. Ọ̀gá nìkan ni kò mọ̀.

"Ìwọ!" Ó kọjú sí àbúrò mi. "Ìwọ tó ń kọ́ gbogbo wa! Ohun tí o kọ nìyí?"

Àbúrò mi gba fóònù náà. Ó fi ìka fà á lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kà á dé òpin. Mo ń retí kó gbójú sókè wò mí. Kò wò mí.

"Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, sà."

"Ìyá Lẹ́tà, ṣé ẹ kà á kó tó lọ?"

"Mo kà á, sà."

"Ẹ ò sì rí i pé ìkìlọ̀ ti sọnù?"

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, sà," ni mo wí. Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi bíi pé ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá bẹ aláísìkirìmù, ó ṣèlérí pé iléeṣẹ́ máa gbé ẹ̀rọ tuntun fún un, pé ẹni tó ṣe é kò sì ní sùn lórí iṣẹ́ náà lónìí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ẹ bá mi kọ lẹ́tà ìdádúró rẹ̀. Kó dé orí tábìlì mi ní aago méjì." Iṣẹ́ mi ni. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà?

Àbúrò mi ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí: ife rẹ̀, rúlà rẹ̀, bàtà tó fi ń pààrọ̀. Bó ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó dúró. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó kúrú."

Ó mọ̀! Àbí ta ni kò ní mọ̀? Ẹni tó kọ́ ìwé lẹ́yìn lẹ́tà mi, ṣé ó máa ṣi ìkíni mi mọ̀? Ó mọ̀, kò sì dárúkọ mi. Kí n má parọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe ìtìjú, owú náà ni. Mo ní, kódà nínú èyí náà, ó tún ga jù mí lọ. Ìtìjú ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó sì dé, kò kí mi kó tó wọlé.

Mo gbìyànjú láti kọ lẹ́tà ìdádúró náà. "Inú wa dùn láti kí ọ…" Ta ni wọ́n ń lé tí wọ́n ń kí? Mo pa á rẹ́. Mo dìde, mo lọ sí yàrá kékeré náà, mo dúró níbi fèrèsé. Tèmi ni báyìí, kò sí ẹni tí mo tún ń bá dù ú. Okùn tí mo fi wọn fèrèsé ṣì wà nínú àpò mi. Mo ronú kan ìyá wa tó máa pè lálẹ́ tó máa ní, "Àwọn ọmọ mi ńkọ́?" Mo padà sórí àga mi.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mìíràn, sí Ọ̀gá. Mo kí i. Mo rán an létí bàbá rẹ̀. Mo ka ọdún iṣẹ́ mi fún un. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, mo ti kọ ìlà méjìlélógún, ọ̀rọ̀ náà "èmi ni" kò tíì sí níbẹ̀. Mo wá rí i. Ẹ̀yìn ìkíni ni mo ń sá sí. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo kọ eléyìí, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e lọ:

"Ẹ má lé àbúrò mi, èmi ni mo yí ímeèlì aláísìkirìmù padà.
Ìlà àkọ́kọ́ ni tirẹ̀ ti kìlọ̀. Mo fi ìkíni bo ìkìlọ̀ náà mọ́lẹ̀ nítorí pé mò ń jowú rẹ̀, mo sì parọ́ fún yín láàárọ̀ yìí.
Ẹ ṣe mí bó bá ṣe tọ́."

Ọ̀gá kà á. Ó yí ìwé náà padà wò bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí.

"Ó tán?"

"Ó tán, sà."

Ọ̀gá tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní òun ò ní lé mi, nítorí bàbá òun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti kúrò nínú àpótí ìdúró, láti òní lọ èmi ni màá máa kọ tí ojú kejì á máa ka tèmi. Ọ̀la, èmi ló máa tẹ̀ lé wọn lọ bẹ aláísìkirìmù, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Yàrá kékeré di ti àbúrò mi. Ó ní kí n lọ sọ fún un kó tú páálí rẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú nígbà tó pè mí padà.

"Ìyá Lẹ́tà."

"Sà?"

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bínú mọ́, àfi bíi pé nǹkan kan rú u lójú. "Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti wà lórí àga yìí. Lẹ́tà yín tí mo kọ́kọ́ kà dé òpin nìyí. Ká ní mo ti ka ẹyọ kan rí ni, ǹ bá ti mọ ọwọ́ yín láàárọ̀."

Mo ṣílẹ̀kùn. Àbúrò mi ló dúró síta pẹ̀lú páálí rẹ̀ ní àyà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ṣílẹ̀kùn ẹnu mi, gbogbo ìkíni tí mo mọ̀ láyé ló ń ti ara wọn.

"Má bínú," ni mo wí.

Ó gbé páálí náà lé mi lọ́wọ́ kí n bá a gbé e lọ sí yàrá rẹ̀.